Ọdún Tí Dúrójayé Wọ Ilé Wa

Òórùn wọn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó fojú rí wọn. Mo jókòó sídìí tábìlì kíṣìnnì, mo ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fún wa níléèwé, ìkòkò ẹ̀wà ń hó lórí iná, Yèyé sì wà lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Ilẹ̀kùn iwájú ṣí, òórùn kan sì ṣáájú bàbá mi wọlé. Kì í ṣe òórùn ìdọ̀tí lásán. Ó dà bí ìbọ̀sẹ̀ tútù tí a gbàgbé sínú àpò, tí ẹnì kan wá ta oyin díẹ̀ sí. Yèyé gbé imú sókè. Ó ti lé lóṣù méjì tó ti dé ọ̀dọ̀ wa láti Ìjẹ̀bú-Igbó, n kò sì tíì rí i kó yára ṣe ohunkóhun bí ó ṣe yára yíjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà. "Báyọ̀," ó ní, "ṣé asín lo gbé wọlé ni?"

Ìyá bàbá mi ni Yèyé. Ọdún náà ni bàbá bàbá mi kú, tí Dádì lọ mú un wá nítorí pé kò sí ẹni tí yóò máa bá a gbé mọ́. Nílé wa ní Rippleside, ní Barking nílẹ̀ Òyìnbó, ohùn gbogbo nǹkan là ń gbọ́ àyàfi tirẹ̀. A ń gbọ́ ọkọ̀ ẹrù lórí Ripple Road láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, tó fi jẹ́ pé bí mo bá dé etí òkun lónìí, tí omi ń hó, ọkọ̀ ẹrù ni ọkàn mi máa ń lọ sí. A ń gbọ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ tó máa ń jó kúrò láyè rẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá ń fún aṣọ, àti àwọn ọmọ ilé kejì tó ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri wa. Yèyé kàn ń wòta ni. Mọ́mì á se ìkọ́kọrẹ́ fún un bí wọ́n ṣe ń sè é ní Ìjẹ̀bú, tẹja tòun ti edé, á jẹ ṣíbí mẹ́ta, á ní òun ti yó. Bí Dádì bá bi í pé, "Yèyé, kí lẹ fẹ́?" èsì kan náà ni: "N ò fẹ́ nǹkan kan. Kò sóhun tí mò ń ṣe níbí." Dádì á wá máa fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Dádì gbé kéèjì kan kalẹ̀ láàárín kíṣìnnì. Kéèjì wáyà ni, ó ti dípẹtà, ìwé ìròyìn tó ti rin gbingbin ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹranko mẹ́ta wà nínú rẹ̀, wọ́n gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí apá mi, ẹsẹ̀ wọn kúrú, irun ẹ̀yìn wọn sì ti re. Ọ̀kan funfun, ojú rẹ̀ pọ́n. Ọ̀kan ní irun dúdú yí ojú méjèèjì ká bí olè tó wọ ìbòjú. Ẹ̀kẹta kéré jù wọ́n lọ, àwọ̀ rẹ̀ dà bí tíì tí a da mílíìkì sí, ó sì nà sílẹ̀ bí àkísà. "Fẹ́rẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè wọ́n," Dádì ní. "Àwọn Òyìnbó ń sìn wọ́n nínú ilé bí ológbò." Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe dé ọwọ́ òun. Ní River Road, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí, ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn ti kógbá wọlé láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ náà ni àwọn tó wá palẹ̀ ibẹ̀ mọ́ rí kéèjì yìí lẹ́yìn àwọn táyà, pẹ̀lú èérún búrẹ́dì tó ti hu, wọ́n sì fẹ́ gbé e jù sínú ọkọ̀ ìdọ̀tí tòun ti ohun tó wà nínú rẹ̀. "Mo sọ fún wọn pé wọ́n ṣì ń mí," Dádì ní. "Wọ́n ní tí mo bá fẹ́ wọn, kí n máa gbé wọn lọ. Mo bá gbé wọn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kọ̀ fún mi nítorí òórùn, ni mo bá fẹsẹ̀ rìn wálé."

Kò tíì mí tán tí Mọ́mì fi dé. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ìyá mi ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì.

"Bàbá Kẹ́mi."

"Hẹ̀n-ẹ́n."

"Kí lẹ gbé wọ ilé mi?"

"Ẹranko ni."

"Mo rí i pé ẹranko ni. Ṣé ibi tí mo ti ń se oúnjẹ ni wọ́n á máa gbé?"

Dádì bẹ̀rẹ̀ sí í wolẹ̀. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ti kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ní kí n kúnlẹ̀. "Wọn ò gbọdọ̀ kọjá Sátidé níbí," Mọ́mì ní, "mo ti sọ tèmi." Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí kéèjì náà, ó fi ìka méjì fa awọ ọrùn kékeré yẹn sókè, awọ náà sì dúró bẹ́ẹ̀ bí aṣọ tí a ṣẹ́ po, kò padà sílẹ̀. Ojú ìyá mi yí padà di ojú ibi iṣẹ́. "Omi ti tán lára eléyìí. Kẹ́mi, bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wá, fi ṣúgà díẹ̀ sí i. Bàbá Kẹ́mi, ẹ sáré lọ sílé olóògùn, ẹ ra sírínjì tí kò lábẹ́rẹ́. Kí lẹ ń wò?" Bí ìyá mi ṣe rí nìyẹn títí dòní. Ẹnu rẹ̀ á máa lé ọ jáde, ọwọ́ rẹ̀ á máa bu oúnjẹ fún ọ.

Ibẹ̀ la wà tí àga dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Yèyé ti dìde. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga, ó sì wá dúró tì wá. "Ẹ ò lè tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Òtútù ló ń pa á ju ebi lọ." Ó gba ẹranko náà lọ́wọ́ ìyá mi, ó gbé e sí àyà, ó fa ìró sókè bò ó, ó sì so ó mọ́ra gbọingbọin bí ẹni so ọmọ ìkókó.

"Yèyé, eégbọn wà lára rẹ̀ o!" Mọ́mì kígbe.

"Èmi náà ti ní iná orí rí, kò pa mí. Oṣù méje ni mo bí ẹ̀gbọ́n Báyọ̀. Ṣé ẹ̀rọ ìmóoru kan wà nílé ìwòsàn wa nígbà náà ni? Àyà yìí náà ni."

Dádì wo ìyá rẹ̀. Ọmọ ogójì ọdún ó lé ni, kò sì gbọ́ ọ rí pé ẹ̀gbọ́n òun, ọkùnrin gìrìwò tí ilẹ̀kùn ń há, wá sáyé ní kékeré tó bẹ́ẹ̀. Mo máa ń rò ó nísinsìnyí pé iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú àwọn àgbà wa pọ̀ ju èyí tí a béèrè lọ. Wọ́n kàn ń dúró de ohun tí yóò mú ọ̀rọ̀ náà jáde ni. Fún Yèyé, ohun náà ní ìrù.

Bí ilé wa ṣe yí padà nìyẹn. Mo ya ìwé kan nílé ìkàwé, mo jókòó ti Yèyé, mo ń kà á, mo sì ń tú u sí Yorùbá bí agbára mi ṣe mọ, èyí tí kò tó nǹkan nígbà náà, torí pé bí wọ́n bá fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń dáhùn. Ìwé náà ní ẹran nìkan ni fẹ́rẹ́ẹ̀tì ń jẹ. Búrẹ́dì àti mílíìkì tí ẹnì kan ti ń fún wọn ló bà wọ́n nínú jẹ́. "Ẹran nìkan?" Yèyé bi mí. "Láìsí ẹ̀bà nídìí ẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Á jẹ́ pé ọmọ olówó ni wọ́n." Ó se adìẹ láìfi iyọ̀ sí i, ó lọ̀ ọ́ kúnná tòun ti omi ẹ̀, ó sì ń fi sírínjì kán an sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu kékeré náà, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan, ó ń dúró kó gbé e mì kó tó kán òmíràn. Àwọn méjì tó kù kò nílò sírínjì. Wọ́n jẹ títí wọ́n fi sùn sínú abọ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n pààrọ̀ ìwé ìròyìn láàárọ̀ kí n tó lọ síléèwé, kí n fi omi gbígbóná fọ kéèjì nígbà tí mo bá dé, kí n sì gé ògbólógbòó ìró Yèyé kan sí wẹ́wẹ́, tí a so mọ́ wáyà bí ibùsùn alásorọ̀. Ìró àdìrẹ ni. Yèyé ní kò sí ẹranko kankan ní gbogbo Barking tó sùn sórí aṣọ tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Sátidé pé. Kò sẹ́ni tó rántí pé ọjọ́ náà ló yẹ kí wọ́n kúrò, àfi Mọ́mì, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń bú gbogbo wa pé a ò tètè múra, torí òun ti bá dókítà ẹran ṣe àdéhùn aago mẹ́wàá. Ọmọbìnrin Òyìnbó kan ni dókítà náà, ojú àpá ìgéjẹ kún apá rẹ̀ méjèèjì. Ó fi hàn wá bí kòkòrò kéékèèké ṣe kún etí wọn àti bí a ó ṣe máa kán oògùn sí i. Ó gé èékánná wọn tó ti ká kò bí ìwọ̀ ẹja, ó sì kọ́ wa pé bí a bá ta òróró ẹja díẹ̀ sí wọn níkùn, wọn á máa lá a, wọn ò ní mọ ìgbà tí a gé èékánná wọn tán. Nígbà tó kan èyí tó wà láyà Yèyé, ó gbọ́ ìmí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó wo èrìgì rẹ̀ tó funfun bí ògiri, ó sì rọra sọ̀rọ̀.

"Kí ló wí?" Yèyé bi mí.

Mo fẹ́ purọ́. Mo wo ojú Mọ́mì, ó mi orí sí mi pé kí n sọ ọ́. "Yèyé, ó ní ẹ̀jẹ̀ kò sí lára ẹ̀. Ó ní bó bá fi lè rí ọjọ́ mẹ́ta sí i, bóyá yóò yè. Ó ní òun ò lè ṣèlérí."

Yèyé fi àtàǹpàkò nu ojú ẹranko náà. "Ó dáa," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lórúkọ kíákíá. Ẹni tí kò lórúkọ, báwo la ṣe fẹ́ pè é padà? Dúrójayé ni yóò máa jẹ́." Ó sì sọ ọ́ sí i létí lẹ́ẹ̀mẹta níwájú dókítà, tí ìyẹn dúró jẹ́jẹ́ bí ẹni wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà ni mo pe lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún dókítà, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, kò sì gbójú fo àmì ohùn kankan tí mo ní kó fi sí i. Bí a ti wà níbẹ̀, a sọ funfun ní Ẹfun, a sì sọ olójú olè ní Gbéwiri, orúkọ tó padà ro ó.

Ní ọjọ́ Sunday, Dúrójayé kò gbé orí. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó lá omi ẹran lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà sùn. Dádì bẹ̀rẹ̀ sí í múra ọkàn mi sílẹ̀, ó ń sọ fún mi pé ohun tí ọmọ ènìyàn lè ṣe ní ìwọ̀n. Ní àárọ̀ ọjọ́ Tuesday, mo ń wọ bàtà iléèwé lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ igbe Yèyé láti òkè. Mo sáré, Mọ́mì sáré tòun ti búrọ́ọ̀ṣì ìfọnu lẹ́nu. Yèyé jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó na ìka rẹ̀ sókè, ẹ̀jẹ̀ ń kán níbẹ̀, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. "Ó gé mi jẹ!" ó kígbe. "Ẹ wò ó! Ìyá Kẹ́mi, ó ti léyín! Ó gé mi jẹ!" Dúrójayé ń yọjú láti inú ìró, ó ń wò wá bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Yèyé bẹ́ sórin níbẹ̀, orin ìkómọjáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbá ilẹ̀. Mo pẹ́ dé iléèwé lọ́jọ́ náà, Mọ́mì sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé àìsàn ẹbí ló fà á.

Láti ìgbà náà, ilé wa kò dákẹ́ mọ́. Bí inú fẹ́rẹ́ẹ̀tì bá dùn, á ká ẹ̀yìn, á máa fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa kọlu àga, á sì máa dún kúkù-kúkù-kúkù bí adìẹ tó fẹ́ yé ẹyin. Dádì á dé láti ibi iṣẹ́, kò ní jókòó, á kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, á máa bá wọn fò. Yèyé sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀. Ó ń pa àlọ́ fún wọn, ó ń bá wọn wí, ó ń sọ fún Gbéwiri pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, nígbà tí ìyẹn bá ń fi agídí wọ́ ṣíbí ọbẹ̀ lọ sábẹ́ fíríìjì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ Yorùbá sọ. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ mi. Mo kàn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ fẹ́rẹ́ẹ̀tì ni, ọ̀rọ̀ sì ń dà sí mi létí, débi pé nígbà tó fi máa di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, èmi náà ti lè bú Gbéwiri láìlo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan.

Mọ́mì nìkan ló ṣì ń ṣe bí ẹni tí wọ́n fi ipá mú, títí di Sátidé tí ẹgbẹ́ àdúrà wá sílé wa. Nínú ìjọ wa, ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà, nítorí náà bàtà bí ogún ló wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ènìyàn sì kún pálọ̀ ní funfun gbòò. Mọ́mì ti kìlọ̀ fún mi pé kí n ti kéèjì pa, torí pé Alàgbà Ṣódípọ̀, tó ń ṣáájú àdúrà, ti sọ ṣáájú pé ẹranko olójú pupa kì í ṣe ohun tí Kristẹni ń sìn. Mo tì í. Mi ò mọ̀ pé Gbéwiri ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Nígbà tí àdúrà parí, tí oníkálukú ti bọ́ sùtánà, tó ń wá bàtà, ìdajì ni wọ́n rí. Bàtà òsì ni gbogbo wọn ń wá. Mọ́mì wò mí, mo wolẹ̀. A wá bàtà lẹ́yìn àga, lábẹ́ àtẹ̀gùn, nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, a sì ń rí wọn ní méjì méjì, títí ó fi ku ti Alàgbà nìkan. Òun fúnra rẹ̀ ló rí i, lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ó gbé e, ó wuwo. Ó wo inú rẹ̀, ó sì kígbe.

Gbéwiri wà nínú bàtà náà, ó yọ ọrùn síta, orí rẹ̀ ń fì dirodiro. Alàgbà mì ín, kò mira. Ó gbé e sọ́wọ́, ó rọ̀ jọwọlọ bí aṣọ tó tutù. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì máa ń sùn bẹ́ẹ̀, tí ènìyàn á rò pé ó ti kú. Àwa mọ̀, ṣùgbọ́n kí n tó la ẹnu, omijé ti lé lójú bàbá àgbàlagbà náà. "Ó ti kú," ó ní. "Bàtà mi ló pa ọmọ yìí. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká ké pe Olúwa." Gbogbo wọn kúnlẹ̀, tòun ti bàtà kan lẹ́sẹ̀ kan. Àdúrà náà kò tíì jìnnà tí Gbéwiri fi ya ẹnu, ó yán gbọọrọ, ó sì lá Alàgbà nímú. Halelúyà tó sọ nínú ilé náà, àwọn ọmọ ilé kejì dá bọ́ọ̀lù dúró. Mo wẹ̀yìn wo Mọ́mì. Ó ti jókòó sílẹ̀ nínú sùtánà rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín tó fi ń di ìhà mú, kò lè sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ òtítọ́ fún Alàgbà. Láti ọjọ́ náà, ó máa ń béèrè àlàáfíà Gbéwiri kó tó béèrè tiwa.

Ìgbà tí inú wa dùn tó báyìí ni ọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn. Òyìnbó ni, ó pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó sì bọ́ fìlà kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀ṣọ́ kan ní River Road sọ fún òun pé ọkùnrin Nàìjíríà kan ló gbé fẹ́rẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lọ, ó sì júwe ilé wa fún òun. Ó ní òun ló ni wọ́n. Dádì jáde sí i, mi ò rí bàbá mi kí ojú rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ìwọ lo fi wọ́n sílẹ̀ kí ebi pa wọ́n?" Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi bi í, mo sì ń tú u fún Yèyé tó ti dúró lẹ́yìn mi.

Ọkùnrin náà kò bínú. Ó ní òun jẹ́ mẹkáníìkì ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ibẹ̀ lòun sì ń sìn wọ́n sí, torí pé wọn kì í gba ẹranko láàyè nínú yàrá tí òun háyà. Ẹ̀yìn ló mú un, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣèlérí pé òun á máa bọ́ wọn. Nígbà tó fi máa lè rìn, ṣọ́ọ̀bù ti di títì, ọ̀rẹ́ náà kò sì gbé fóònù mọ́. "Mo rò pé wọ́n ti kú," ó ní. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

"Kí lorúkọ ẹ̀?" Yèyé bi mí.

Mo béèrè. "Gárì ni, Yèyé."

"Gààrí?"

"Gárì."

"Orúkọ ènìyàn ni?" Yèyé wò ó láti òkè délẹ̀. Ọwọ́ tó fi yan gààrí fún ogójì ọdún, ó fi bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́. "Ẹni tó ń jẹ́ Gààrí kò lè jẹ́ èèyàn burúkú. Ẹ jẹ́ kó wọlé."

Ó wọlé. Kò lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó fi ara balẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó fi ahọ́n dún lẹ́nu, ó sì pe orúkọ kan: "Bìskíìtì." Dúrójayé yọ orí nínú ìró Yèyé. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ó já bọ́ sílẹ̀, ó sáré lọ, ó wọ inú apá ẹ̀wù ọkùnrin náà, ó sì gba ọrùn rẹ̀ jáde. Gárì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mọ́mì lọ bu ìrẹsì wá, ó gbé e ka iwájú rẹ̀, ó ní, "Jẹun. O ti rù jù."

Ó ń wá ní gbogbo Sátidé lẹ́yìn náà. Ó kọ́ wa ní ohun tí ìwé ò kọ́ wa, bí a ṣe ń fi páìpù ike ṣe ihò fún wọn láti máa sáré gbà, bí a ṣe ń mọ igbe ìbínú wọn yàtọ̀ sí ti eré. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń bọ̀. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, ó wá sọ fún wa pé òun ti rí ilé kan ní Chadwell Heath, níbi tí wọ́n gba ẹranko láàyè, òun sì ti ríṣẹ́ nílé ìtajà kan. Ó ní fẹ́rẹ́ẹ̀tì kì í dá gbé, kò sì bọ́gbọ́n mu láti pín wọn, nítorí náà òun ò ní béèrè ohunkóhun. Mo wá rí i pé ìpinnu ti wà lọ́wọ́ wa. Mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ pé àwa la gbà wọ́n là. Mọ́mì wo Yèyé, Dádì wo Yèyé. Yèyé ń fi ọwọ́ ra irun Dúrójayé.

"Ó mọ ohùn ẹ̀," ó ní. "Láti ọjọ́ tó wọlé ni mo ti rí i. Ẹni tó gba ọmọ tọ́, ayọ̀ ló fi ń dá a padà. Bi í pé, ta ni yóò máa wò wọ́n bí ó bá lọ síbi iṣẹ́?"

Gárì ní ohun tó ń da òun láàmú nìyẹn gan-an.

"Èmi ńkọ́?" Yèyé ní. "Mo ń bẹ níbí, mi ò ṣe nǹkan kan látàárọ̀."

Dádì fò dìde. "Yèyé! Bọ́ọ̀sì méjì ni! Ẹ ò mọ ọ̀nà!"

"Ìwọ náà, ṣé o mọ̀ ọ́n nígbà tó o dé?"

A kó wọn lọ ní ọjọ́ Sunday, tòun ti ibùsùn àdìrẹ wọn. Mo sunkún díẹ̀ nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ihò ike tí Gárì ti tò yí gbogbo pálọ̀ ká, tí Ẹfun ṣáájú wọ̀ ọ́, tí àwọn méjì tẹ̀lé e, kúkù-kúkù-kúkù, ẹkún náà kò rí àyè dúró. Gárì mú kọ́kọ́rọ́ kan jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún Yèyé, bí mo ti kọ́ ọ pé kó ṣe. Iléèwé wà ní ìsinmi, nítorí náà èmi ni mo sin Yèyé lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó ń ka ibùdókọ̀ lórí ìka: níbi ṣọ́ọ̀bù onírun, a yí ọkọ̀, níbi ṣọ́ọ̀ṣì olórùlé pupa, a sọ̀. Lọ́jọ́ Tuesday, ó ní kí n jókòó sílé.

Ọjọ́ náà gùn. Dádì pe ilé lẹ́ẹ̀mẹrin láti ibi iṣẹ́. Mọ́mì gbọn eruku orí ohun tí kò ní eruku. Ní aago mẹ́rin kọjá, kọ́kọ́rọ́ dún lẹ́nu ilẹ̀kùn, Yèyé wọlé, irun fẹ́rẹ́ẹ̀tì wà lára bùbá rẹ̀, báàgì rẹ̀ sì wà lápá. Ó ní òun bá obìnrin Èkìtì kan pàdé nínú bọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ni, kò tíì pẹ́ tó dé, òun sì ti ní kó máa bọ̀ ní Sátidé. Ó bọ́ bàtà, ó mí kanlẹ̀ bí gbogbo ará ilé wa ṣe máa ń mí bí wọ́n bá dé nírọ̀lẹ́. Mọ́mì ti ń sáré lọ sídìí ìkòkò.

"Yèyé, ẹ kú àbọ̀. Ẹ jẹ́ kí n bu oúnjẹ yín wá."

"Má ṣèyọnu, ọmọ mi," Yèyé ní. "Mo ti jẹun níbi iṣẹ́."